Kí ni TCR ń rí gan-an tó fi ń mọ purotéènì àjòjì?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àyẹ̀wò ìṣègùn kan: "Mo mọ̀ pé àńtíbọ́dì máa ń lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì bó ṣe wà. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì T ní tiẹ̀ kì í rí i àfi tí wọ́n bá ti gé e wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ara ń gé purotéènì tirẹ̀ náà wẹ́wẹ́, ó sì ń pàtẹ rẹ̀ síta. Báwo wá ni TCR ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ àjòjì? Ìkejì: a fi odindi purotéènì fáírọ́ọ̀sì sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti kó àrùn náà rí. Sẹ́ẹ̀lì T oríṣi CD4 dáhùn dáadáa, ti oríṣi CD8 ò dáhùn rárá. Kí ló fà á?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀: TCR, ìyẹn purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì T tó fi ń dá nǹkan mọ̀, kò mọ àjòjì. Kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tó ń wádìí bóyá inú fáírọ́ọ̀sì ni peptide (ègé purotéènì kúkúrú) kan ti wá tàbí inú ẹ̀dọ̀ ẹni. Ìrísí ló ń bá pàdé. Bí ìrísí náà bá bá a mu débi tí wọ́n fi so mọ́ra fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì T á jí sí iṣẹ́. Bí kò bá bá a mu, wọ́n á yà, ó tán. Inú thymus, ẹ̀yà ara tí sẹ́ẹ̀lì T ti ń dàgbà, ni wọ́n ti ya tara ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára àjòjì, kí sẹ́ẹ̀lì náà tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í sọ èyí tààrà, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìrísí wo wá ni? Kì í ṣe ti peptide nìkan. Ní 1974, ní Canberra, orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Rolf Zinkernagel àti Peter Doherty kó fáírọ́ọ̀sì LCMV ran àwọn eku, wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì T lára wọn, wọ́n sì dà á sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì kan náà ti wọ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn náà bá wá láti ara eku tí MHC wọn (purotéènì tó ń gbé peptide síta lójú sẹ́ẹ̀lì) jọra, sẹ́ẹ̀lì T á pa á. Tó bá jẹ́ ti ìran eku tí MHC tirẹ̀ yàtọ̀, kò ní fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1996. Ohun tó fi hàn ni pé sẹ́ẹ̀lì T ń wo peptide àti MHC tó gbé e dání pọ̀ ni, kò lè wo ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. HLA là ń pe MHC ti ènìyàn, òun la ó sì máa lò láti ibí lọ.

Ní 1987, Pamela Bjorkman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi ìrísí HLA-A2 han aráyé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, okùn purotéènì mẹ́jọ ló para pọ̀ di í. Ọ̀pá aláyìípo méjì dùbúlẹ̀ lé e lórí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kòtò tóóró sì wà láàárín wọn. Wọ́n bá nǹkan kan nínú kòtò náà tí wọn kò fi síbẹ̀: àwọn peptide tí sẹ́ẹ̀lì ti kó sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. HLA kì í ṣófo pẹ́. Èyí tí kò bá rí peptide gbà máa ń tú ká ni.

Kòtò HLA oríṣi kìíní (A, B àti C) dí ní ìpẹ̀kun méjèèjì, nítorí náà peptide tó ní amino acid (ohun tí wọ́n tò pọ̀ di purotéènì) 8 sí 10 ló ń gbà, 9 ló sì wọ́pọ̀ jù. Ti oríṣi kejì (DR, DQ, DP) ṣí ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Peptide tirẹ̀ lè gùn tó 13 sí 25, kí orí àti ìrù rẹ̀ yọ síta, kí 9 tó wà láàárín jókòó sínú kòtò. HLA kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń fẹ́. A*02:01 ń fẹ́ leucine tàbí methionine ní ipò kejì, ó ń fẹ́ valine tàbí leucine ní ipò kẹsàn-án. Àwọn wọ̀nyí là ń pè ní ìdákọ̀ró: wọ́n rì sínú àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ kòtò, TCR kì í sábà kàn wọ́n. Àwọn amino acid àárín tó kọjú sókè ni TCR ń bá pàdé. Bí fáírọ́ọ̀sì bá yí amino acid ìdákọ̀ró padà, peptide náà kò ní jókòó mọ́, TCR tó dára jù láyé kò sì ní rí i.

Ọ̀nà tí peptide ń gbà dé inú kòtò ló máa dáhùn apá kejì ìbéèrè yín, ẹ fara balẹ̀ kà á. Purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe nínú ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti fáírọ́ọ̀sì tó ti gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, proteasome ló ń gé e. TAP á kó ègé rẹ̀ wọ inú endoplasmic reticulum, yàrá kan nínú sẹ́ẹ̀lì. ERAP1 á gé orí èyí tó bá ṣì gùn jù. Tapasin á di HLA oríṣi kìíní mú níbẹ̀, peptide á máa wọlé, á máa jáde, títí tí èyí tó jókòó dáadáa fi dé. HLA àti β2-microglobulin tó so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá gbé e lọ sójú sẹ́ẹ̀lì. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ní nucleus ló ń ṣe èyí, sẹ́ẹ̀lì CD8 ló sì ń wò ó.

Purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé mì láti ìta kì í gba ibẹ̀. Inú àwọn àpò tí omi inú wọn kan ni cathepsin ti ń gé e. Kí HLA oríṣi kejì tó dé ibẹ̀, invariant chain ti dí kòtò rẹ̀ kí ohun tí kò yẹ má bàa wọ̀ ọ́. Nígbà tó bá débẹ̀, wọ́n á gé invariant chain títí tó fi máa ku ègé kékeré tí à ń pè ní CLIP, HLA-DM á sì yọ CLIP kúrò kí peptide lè rí ààyè. Sẹ́ẹ̀lì dendritic, macrophage àti sẹ́ẹ̀lì B ni wọ́n mọ iṣẹ́ yìí jù, sẹ́ẹ̀lì CD4 ló sì ń wò ó.

TCR fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ka méjì ni, α àti β. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá kan lẹ́bàá awọ sẹ́ẹ̀lì tí kì í yí padà, àti apá òkè tó yàtọ̀ láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn. Ìkọ́ mẹ́ta ló wà lórí apá òkè yìí: CDR1, CDR2, CDR3. Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ tí a bá ka ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. TCR sábà máa ń dá kòtò HLA ní ìdábùú. CDR1 àti CDR2 ń lé lórí ọ̀pá méjì tí HLA ní, CDR3 méjèèjì sì ń sọ̀ kalẹ̀ sáàárín, sórí peptide.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kí ẹ mọ̀ dunjú ni GILGFVFTL (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún amino acid kan), láti ara purotéènì M1 ti fáírọ́ọ̀sì influenza A, amino acid 58 sí 66. HLA-A*02:01 ló ń gbé e. I (isoleucine, tó jọ leucine) tó wà ní ipò kejì àti L (leucine) ti ipò kẹsàn-án ni ìdákọ̀ró. Ìyókù tẹ́jú débi pé èèyàn á rò pé kò sí ohun tí TCR lè dì mú lórí rẹ̀. Síbẹ̀, lára àwọn tó ní A*02:01, léraléra là ń bá sẹ́ẹ̀lì T tó lo jíìnì TRBV19, tí arginine àti serine sì tẹ̀lé ara wọn nínú CDR3β rẹ̀: CASSIRSSYEQYF. Arginine yẹn ló ń ki orí bọ àlàfo kékeré kan láàárín peptide àti ọ̀pá HLA. Ohun tó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn tí wọn kò bára tan rárá ló ń bá a pàdé lọ́nà kan náà.

CDR1 àti CDR2 wà nínú ègé jíìnì tí à ń pè ní V bí a ṣe bí i mọ́ni. CDR3 kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti so àwọn ègé jíìnì pọ̀ ni: V àti J fún ẹ̀ka α, V, D àti J fún ẹ̀ka β. RAG1 àti RAG2 ń gé DNA, TdT sì ń fi lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún ojú ìsopọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́, torí pé mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà DNA, èyí tí iye rẹ̀ kò bá bọ́ sí mẹ́ta-mẹ́ta á da gbogbo ohun tó tẹ̀lé e rú.

Bí àwọn TCR ṣe pọ̀ tó yìí, wọn kò lè pọ̀ tó peptide. Peptide tó gùn ní 9 tó ṣeé tò jọ láti inú amino acid 20 jẹ́ bílíọ̀nù 512. Tó bá jẹ́ peptide kan péré ni TCR kan mọ̀, ara kò ní rí ààyè fún iye sẹ́ẹ̀lì T tó yẹ kó ní. Nítorí náà TCR kan ní láti mọ ọ̀pọ̀. Wọ́n ti wọn èyí: TCR kan tí wọ́n ń pè ní 1E6, láti ara ẹnì kan tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ń dá peptide tó lé ní mílíọ̀nù kan mọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé TCR kan, peptide kan, ẹ má gbà.

Ìsopọ̀ jíìnì tí kò ní àkóso bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì bí TCR tó máa dojú kọ ara ẹni. Iṣẹ́ thymus nìyẹn, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lẹ́yìn egungun àyà, lókè ọkàn. Ìdánwò méjì ni sẹ́ẹ̀lì T ń ṣe níbẹ̀. Ní ẹ̀bá òde thymus, TCR rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè so mọ́ HLA ẹni náà pẹ̀lú peptide tara, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Èyí tí kò lè so rárá á kú. Ní àárín thymus, èyí tó bá so le jù á kú, tàbí kó di sẹ́ẹ̀lì T tó ń pẹ̀tù sí àwọn yòókù. Jíìnì AIRE ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì thymus ṣe purotéènì tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀yà ara mìíràn nìkan, bí insulin, kí ó lè wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán sẹ́ẹ̀lì T wò. Ẹni tí AIRE rẹ̀ bàjẹ́ á ní àìsàn APS-1, tí ara rẹ̀ á máa ba gíláàǹdì parathyroid àti adrenal jẹ́. Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì tó wọ inú ìdánwò yìí, tó ń jáde láàyè kò tó 5.

Ìdáhùn yín gan-an nìyí: àjòjì lójú sẹ́ẹ̀lì T ni peptide tí thymus kò fi dán an wò. Ìdí nìyẹn tó fi lè rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí amino acid kan péré yí padà nínú purotéènì rẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí peptide fáírọ́ọ̀sì tó bá jọ tara gidigidi fi lè kọjá láìsí ẹni tó máa dá a dúró, torí àwọn tí ì bá rí i ti kú sí thymus.

Bí ìsopọ̀ yìí ṣe rọ̀ tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Kd ni òṣùwọ̀n rẹ̀: bó bá ṣe kéré tó ni ìsopọ̀ ṣe le tó. Kd àńtíbọ́dì tó ti gbó jẹ́ nanomolar tàbí kó kéré sí i. Ti TCR sábà máa ń wà láàárín 1 sí 100 micromolar, ìsopọ̀ rẹ̀ sì ń já láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Síbẹ̀, peptide àjòjì tí kò tó mẹ́wàá lójú sẹ́ẹ̀lì kan tó láti jí sẹ́ẹ̀lì T, bẹ́ẹ̀ HLA tó ń gbé peptide tara yí wọn ká lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àkókò ló ń ṣe é. TCR kò ní ìrù tó lè ránṣẹ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì; CD3 àti ẹ̀ka ζ ló ń bá a ṣe é, ojú ibi 10 tí à ń pè ní ITAM ló sì wà lára wọn. Bí TCR bá ti so, CD8 tàbí CD4 á di HLA kan náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì mú Lck wá. Lck á lẹ phosphate mọ́ ITAM, ZAP-70 á gúnlẹ̀ síbẹ̀, Lck á jí òun náà, ZAP-70 á wá lẹ phosphate mọ́ LAT, purotéènì tó ń gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú nínú sẹ́ẹ̀lì. Peptide tó bá já kí gbogbo èyí tó parí, phosphatase á nu phosphate kúrò, ọ̀rọ̀ á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Peptide tara sábà máa ń já kíá.

Sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí kì í sì tìtorí TCR nìkan bẹ̀rẹ̀. CD28 rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé CD80 tàbí CD86 lójú sẹ́ẹ̀lì dendritic, èyí tí kì í gbé wọn síta tó bẹ́ẹ̀ àfi tó bá ti rí àmì kòkòrò àrùn tàbí ìpalára. Sẹ́ẹ̀lì T tó rí peptide láìrí ìkejì yìí sábà máa ń di aláìlágbára. Àwọn tó yọ́ jáde nínú thymus, ibí ni ọ̀pọ̀ wọn ń há sí.

Nítorí pé HLA yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ègé purotéènì tí ara ẹnì kan ń pàtẹ lè má sí lójú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn rárá. Ibà ló fi èyí hàn ní agbègbè wa. Ní 1991, Adrian Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàárín àwọn ọmọdé ní Gáḿbíà, àwọn tó ní HLA-B53 kì í sábà bọ́ sínú ibà líle bí àwọn yòókù. B53 wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù. Proline ló ń fẹ́ ní ipò kejì, wọ́n sì rí peptide tó bá a mu, KPIVQYDNF, nínú purotéènì LSA-1 tí kòkòrò Plasmodium falciparum ń ṣe nígbà tó bá wà nínú ẹ̀dọ̀. Inú ẹ̀dọ̀ yẹn gan-an ni CD8 ti lè rí kòkòrò náà. Tó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì pupa, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní nucleus, HLA oríṣi kìíní tó wà lójú rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ètò yìí ń ṣìnà nígbà mìíràn. Oògùn abacavir tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV máa ń wọ inú kòtò HLA-B*57:01, á gba ààyè ní ìsàlẹ̀, kòtò á wá máa gbé àwọn peptide tara tí kì í gbé tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T á sì kà wọ́n sí àjòjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ HLA wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní oògùn náà. Májèlé TSST-1 ti bakitéríà Staphylococcus aureus kò tilẹ̀ wo peptide. Ó ń so TCR tó lo Vβ2 (irú ẹ̀ka β kan) mọ́ HLA oríṣi kejì láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T á sì jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku àyẹ̀wò yín. Odindi purotéènì tí ẹ dà sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, gbígbé mì ni wọ́n gbé e mì, nítorí náà ọ̀nà oríṣi kejì ló gbà, CD4 sì rí i. Sẹ́ẹ̀lì tó lè gbé ohun tó gbé mì lọ sórí HLA oríṣi kìíní wà, pàápàá irú sẹ́ẹ̀lì dendritic kan, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá sì lo oògùn brefeldin A láti há cytokine (purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra) mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ṣeé ṣe kí òun náà ti dá kún un. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà láti endoplasmic reticulum sí Golgi, ọ̀nà yẹn náà sì ni HLA tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba peptide ń gbà jáde. Bí ẹ bá tètè fi í sí i, ìwọ̀nba CD8 tí ì bá dáhùn kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ lo peptide dípò odindi purotéènì. Peptide kúkúrú kò nílò kí wọ́n gé e. Ó lè bọ́ sínú HLA tó ti wà lójú sẹ́ẹ̀lì. Àkójọ peptide tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 15, tí 11 sì pa pọ̀ láàárín èyí àti èyí tó tẹ̀lé e, máa ń bá CD4 mu dáadáa, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ CD8. Tó bá jẹ́ CD8 gan-an lẹ ń wá, tí ẹ sì mọ HLA ẹni náà, peptide tó gùn ní 9 ló dára jù. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sínú heparin, ẹ má fi sínú fíríìjì, kí ẹ ya PBMC (àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí sẹ́ẹ̀lì T wà lára wọn) láàárín wákàtí 8. Ẹ fi mílíọ̀nù kan sẹ́ẹ̀lì sínú tíúbù kọ̀ọ̀kan, kí peptide kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 sí 2 µg/ml, kí DMSO, omi tí wọ́n fi ń yọ́ peptide, má kọjá 0.5 nínú 100, torí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì lára. Àntíbọ́dì CD28 àti CD49d, 1 µg/ml, máa ń ràn án lọ́wọ́. Ní 37°C àti CO2 5 nínú 100, ẹ fi brefeldin A sí i lẹ́yìn wákàtí 1 sí 2, kó pé wákàtí 6 lápapọ̀. Tó bá jẹ́ odindi purotéènì lẹ ṣì fẹ́ lò fún CD4, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí brefeldin A wọlé ní wákàtí 4 sí 6 tó kẹ́yìn. Tíúbù tí kò ní peptide gbọ́dọ̀ ní DMSO iye kan náà, kí òmíràn sì ní PHA tó ń jí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T láìwo peptide, kí ẹ lè mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè.

Bí tetramer (HLA mẹ́rin tó gbé peptide kan náà, tí wọ́n so pọ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ TCR tó bá a mu) lẹ fẹ́ fi ka sẹ́ẹ̀lì T, ẹ wo HLA kí ẹ tó ra á. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ ni ti A*02:01, èyí tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa bó ṣe wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. A*30:01, A*23:01, A*68:02 àti B*53:01 wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Èsì àyẹ̀wò tó kàn sọ pé "A2" lè jẹ́ A*02:02 tàbí A*02:05, kòtò wọn kò sì rí bákan náà. Òdo lórí tetramer tí kò bá HLA mu kò sọ nǹkan kan nípa sẹ́ẹ̀lì T ẹni náà.

Ibì kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ èsì nù. Sẹ́ẹ̀lì T tó bá ti jí máa ń gbé TCR àti CD3 rẹ̀ wọlé láàárín wákàtí mélòó kan. Tí ẹ bá kun CD3 lójú sẹ́ẹ̀lì nìkan, àwọn tó dáhùn jù á ṣókùnkùn, ẹ ó sì gé wọn kúrò pẹ̀lú ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá ń yan sẹ́ẹ̀lì T lórí ẹ̀rọ. Ẹ kun CD3 lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá ihò sí awọ sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú cytokine, kí ẹ sì fẹ ààlà CD8 sápá ibi tó ti ṣókùnkùn díẹ̀, torí òun náà máa ń lọ sílẹ̀.